Ta Ló Pàlọ́ Àkàlà?

Láti ìgbà tí fíìmù Ànìkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ti jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni àwọn kan ti ń bínú sí i. Wọ́n ní ta ló sọ pé ẹyẹ àkàlà ń jí òkú? Ìtàn Sàró tí ń hun aṣọ òfì, tí àkàlà jí dìde nínú igbó, tí àdó oògùn ẹyẹ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Arọ́lákẹ́ olorì Aláàfin, wọ́n ní kì í ṣe èyí tí àwọn gbọ́ lẹ́nu ìyá àwọn. Àwọn mìíràn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá àwọn ṣe pa á. Nínú gbogbo wọn, n kò tíì rí ẹni tó fa ìwé yọ. Ẹnu lásán ni a fi ń jà.

Ẹ wo àwọn ará Ṣáínà. Ní ọdún 1987, wọ́n ṣe fíìmù kan ní Hong Kong ní èdè Cantonese, A Chinese Ghost Story ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin agbowó-orí kan sùn sí ilé òrìṣà ahoro, ó fẹ́ràn omidan kan, àṣé omidan náà ti kú, iwin inú igi kan ló ń fi í dẹ ènìyàn. Inú ìwé Pu Songling, tó kú ní ọdún 1715, ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Nínú ìwé, ọkùnrin yìí ti ní aya nílé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aya náà kú, ó fẹ́ omidan iwin yìí, ó sì bímọ fún un. Fíìmù kò gba ibẹ̀ rárá, ńṣe ni ó ya àwọn méjèèjì. Oníṣẹ́ yí ìtàn padà bó ṣe wù ú, síbẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́, torí pé èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó ṣíwèé.

Tiwa ńkọ́? Ìjàpá rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tó tẹ àkójọpọ̀ àlọ́ rẹ̀ jáde ní 1973. Mọremí wà nínú ìwé Samuel Johnson ti 1921, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ifẹ̀ tó bá kà á níbẹ̀ yóò rí ohun tó fẹ́ bá a jiyàn lé. Ta ni yóò ṣe ti àkàlà?

N kò dá Afọláyan lẹ́bi. Ọmọ Adé Love tó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976 ni, iṣẹ́ ilé wọn ló ń ṣe. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni mo ń bá wí. Àwọn kan á ní iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lóòótọ́ ni. Ta ló ń kà á?

Ìpetumodù, Ẹdúnàbọ̀n àti Mòró kò jìnnà sí wa. Bí ìsinmi bá dé, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba àlọ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, t'orin t'ègbè, kó kọ orúkọ ìlú tí ó ti gbà á sí i. Bí àlọ́ kan náà bá yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, kí a tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí. Ti àkàlà ni kí a kọ́kọ́ wá.