Kí Ríwáyà Yẹ Bátìrì Wò Ná

Láàárọ̀ ìdánwò, ọkọ̀ tí àwa mẹ́rin jọ ń wọ̀ kọ̀, kò sítáàtì. A yí kọ́kọ́rọ́, ó dún "kọ́!" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ríwáyà tí a pè kò tíì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní kíkì sítátà ti kú, ká lọ ra tòkunbọ̀. Owó oúnjẹ wa fún oṣù kan nìyẹn o!

Lójú tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ká ra sítátà kò tíì yẹ nǹkan kan wò. Iná ni sítátà ń jẹ, ọ̀dọ̀ bátìrì niná ọ̀hún ti ń wá. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn lójú mítà. Tó bá ti já sí 12, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò ní mítà? Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣe bàìbàì, bátìrì tàbí orí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí iná ò bá yí padà rárá, tí ẹ ò sì gbọ́ ohùn kankan, ó ṣeé ṣe kí iná má dé ọ̀dọ̀ sítátà. Tó bá jẹ́ jíà ọ́tò, ẹ gbé e sí N wò.

Tiwa ńkọ́? Orí bátìrì ló hu funfun bí ìyẹ̀fun. A tú u, a fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ (a ò ní sọ ti ta ni) fọ̀ ọ́, a dè é le. Wọ́n ti ń pín ìwé ìdánwò nígbà tá a wọlé.

A ò ní kí ríwáyà má jẹun. Sítátà náà a máa kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó fi mítà hàn wá kó tó tú u.