Ọ́dítọ̀ Tí Kò Mọ̀wé Kọ, Ajá Tí Kò Lè Gbó Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ, tí inú mi kì í dùn sí rárá. Ẹ bi ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó léèrè ìdí tó fi yan iṣẹ́ náà. Yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ìwé kíkọ kò rẹ́. Kí àwọn lọ́yà àti àwọn oníwèé ìròyìn máa kọ̀wé wọn lọ. Ìṣirò ni tèmi. Ẹ ṣáà kó nọ́ńbà wá, kí ẹ máa wòran." Mo ti gbọ́ ọ l'Òṣogbo, mo ti gbọ́ ọ n'Iléṣà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni. Irọ́ ọ̀hún sì ń jẹ àwọn èèyàn lówó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni ọ́dítọ̀ ń tà? Alágbẹ̀dẹ ń ta ọkọ́, aláró ń ta àdìrẹ. Ọ́dítọ̀ kì í ta nọ́ńbà, nítorí oníbàárà ló ni nọ́ńbà; inú ìwé oníbàárà ló ti bá a. Ohun tí ọ́dítọ̀ ń tà ni ọ̀rọ̀ tó kọ sórí tákàdá, tó sì fọwọ́ sí. Olóògbé Akíntọ́lá Williams, tí a bí lọ́dún 1919 tó sì kú lọ́dún 2023, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí àgbà iṣẹ́ yìí, nílùú ọba, lọ́dún 1949. Nígbà tó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1952, kì í ṣe ẹni tí yóò bá wọn ro owó pọ̀ ni àwọn èèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Ìbuwọ́lù rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìbuwọ́lù kì í sì í dá dúró lófìfo. Abẹ́ ọ̀rọ̀ ló máa ń wà.

Lọ́dún 1896, adájọ́ kan nílùú ọba sọ nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ òwú kan pé ajá aṣọ́lé ni ọ́dítọ̀, kì í ṣe ajá ọdẹ. Títí dòní ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ò ní kí ajá aṣọ́lé lé olè wọ igbó. Ṣùgbọ́n nítorí kí ni olówó rẹ̀ ṣe ń bọ́ ọ? Kó lè gbó ni. Ajá tó rí olè, tó wá ń mi ìrù, tó ń kùn nínú ọ̀fun, kí la fẹ́ fi ṣe? Ìwé tí ọ́dítọ̀ kọ ni gbígbó rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bínú. Lọ́dún 1988, ọmọ iṣẹ́ ni mí ní ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ kan l'Òṣogbo. Ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká lọ́dún 1986, owó kòkó ti gbẹ́nu sókè, gbogbo ẹni tó bá ti ní òṣùwọ̀n àti àpò ló di oníṣòwò kòkó. Wọ́n rán èmi àti ọ̀gá mi kan lọ sí kọ́ńpánì ẹbí kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bàbá tó dá a sílẹ̀ ti kú. Ọmọ méje ló jogún rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wọn ló sì ń darí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la fi yẹ ìwé wọn wò. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i pé wọ́n ti kó ₦64,000 fún àwọn ajẹ́ntì méjì pé kí wọ́n fi ra kòkó wá láti oko. Kòkó kò dé, owó kò padà, rìsíìtì kò sí.

Mo rí i o! Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi, mo tilẹ̀ fi báírò pupa fàlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni kọ́ńpánì, ẹ̀rù bà mí. Mo ṣí fáìlì oníbàárà mìíràn, mo da gbólóhùn ibẹ̀ kọ. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn aláṣẹ fẹ́ tún gbé ètò tó jẹ mọ́ owó tí a san ṣáájú yẹ̀ wò, kí ó lè túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ó dùn ún gbọ́ létí. Lẹ́tà lọ.

Nígbà tí a padà dé ibẹ̀ lọ́dún kejì, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn ajẹ́ntì ti di ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti na pápá bora. Wọ́n ti ta ilé ìkẹ́rùsí tí bàbá wọn fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, kí wọ́n lè san gbèsè báǹkì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méje náà, ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà n'Iléṣà, tí kò mọ̀wé, ní kí ọmọ òun ka lẹ́tà èṣí fún òun, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ rí i lọ́dún tó kọjá?"

Mo ní, "A rí i, mà."

"Ẹ sì kọ ọ́?"

"A kọ ọ́, mà."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí kò fi sí nínú ohun tí ẹ kọ?"

N ò rí èsì fọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. N ò tíì rí i.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Wọ́n á ní oníbàárà ló ń sanwó, a kì í la ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹ gbọ́ ná. Òwe yẹn dára nílé àna, ó dára níbi tí a ti ń parí ìjà. Nínú ọ̀ràn owó, olè ló ń jẹ̀gbádùn àbọ̀ ọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí inú àbọ̀ tí a kò sọ ló ń fara pamọ́ sí. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló san owó fún ọ́dítọ̀ kó wá lu àgídìgbo fún òun?

Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ló fa wàhálà. Èmi kò gbà. Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà mi ọjọ́sí kò ní àṣìṣe kankan. Ohun tí kò ní ni: ta ni, èló ni, ìgbà wo ni, kí sì ni kí a ṣe? Ẹ wo àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣòó làwọn máa ló títí àwọn ó fi gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Mélòó nínú wọn ló gba dígírì? Síbẹ̀, onígbèsè wo ló gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tó béèrè ìtumọ̀? Ó mọ ẹni tó jẹ lówó, ó mọ iye tó jẹ, ó mọ ọjọ́ tó dá, ó sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá san. Èmi tí mo wọ táì, n kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọmọdé. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì, ó kàn yín. Ojoojúmọ́ lẹ ń pariwo pé àwọn tó ń jáde ní yunifásítì kò lè kọ lẹ́tà. Ẹ ti kọ́ wọn bí? Bí ọmọ bá dé ọ́fíìsì yín, ẹ ó kó lẹ́jà fún un pé kó máa fi máàkì sí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọdún méjì ni yóò fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹ ó ní kó lọ kọ ìròyìn iṣẹ́ wá. Bó bá kọ ọ́, ẹ ó fi báírò pupa wọ́ ọ láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní sọ ìdí, ẹ ó sì jù ú padà sí i. Ọmọ yóò kọ́gbọ́n: lọ́jọ́ mìíràn, ti èṣí ni yóò dà kọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ! Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ATSWA ti àwọn ọmọ ìṣirò owó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fi bébà ìbánisọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, torí wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọjọ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀gá tó jókòó ti ọmọ iṣẹ́, tó ní, "Gbólóhùn yìí, kí lo fẹ́ fi sọ gan-an?"

Ọ̀rọ̀ náà sì ti ju ti ẹbí kan lọ. Láti ìparí ọdún 2016 ni ìlànà iṣẹ́ yìí lágbàáyé ti ní kí ọ́dítọ̀ àwọn kọ́ńpánì tó wà lọ́jà ṣíà máa kọ àwọn ọ̀ràn tó gbà wọ́n ní làákàyè jù, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Adàwékọ kò ríbi sá sí mọ́. Nílé níbí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 125, ní kí ọ́dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gba ìwé owó lọ́wọ́ akáúńtáǹtì àgbà. Owó ilé ìwé, owó ọ̀nà, owó oògùn wa ló wà níbẹ̀. Bí ìròyìn náà bá rí bíi lẹ́tà tèmi, ta ni yóò mọ ohun tí yóò béèrè?

Lónìí, kọ̀ǹpútà ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe ìṣirò tí a máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Ẹ̀rọ tó ń kọ lẹ́tà pàápàá ti dé. Ẹni tó bá ń fi ìṣirò nìkan yangàn, kó yáa wẹ̀yìn wò. Kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò bá a dáhùn lójú ìyá aláṣọ.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ iṣẹ́, kí o tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni ń ro ó fún ìyá rẹ. Bí kò bá yé ìyá rẹ, kò tíì yé ìwọ náà. Lẹ́tà tó yẹ kí n kọ lọ́dún 1988 kò ju báyìí lọ: "₦64,000 tí ẹ fún ajẹ́ntì méjì kò tíì padà. Ẹ kò ní ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n gbà á. Ẹ gba owó náà tàbí kòkó rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ má sì fún wọn ní kọ́bọ̀ mọ́."

Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ ọ́. Èmi kò kọ ọ́, ilé ìkẹ́rùsí bàbá olóòógùn sì lọ.