Ọta Wo Ni Kí Ọmọ Wa Fi Sínú Ìbọn Rẹ̀?

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aya àti ọmọ méjì. Olè fọ́ ilé aládùúgbò wọn, ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó sì ra ìbọn ìléwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n gbé ń ta ọta, ojú rẹ̀ dà rú: ọ̀kan olórí róbótó, èkejì olórí ihò, ọ̀kan wọ́n, èkejì kò wọ́n. Ìyá wá kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọta kì í ṣe ọta ni? Èwo ni kí ọmọ mi rà tí kò ní í kó bá a?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, pàápàá gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Èyí tí yóò pa olè ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bèèrè. Wọn kì í bèèrè èyí tí yóò kó bá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìwé ìròyìn tán kí ó lọ fẹsẹ̀ kọ ọ̀ràn. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ó jẹ́ èèwọ̀, àfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ti ìléwọ́ kì í dín ní ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, kì í ṣe gbogbo ọmọ wa ni òfin gbà láyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò tí ó fi físà wọlé fún ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní ọta kan ṣoṣo, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní gíríìn káàdì, tàbí tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ náà, ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Kí ìyá wa kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ léèrè èyí ná.

Ó yá, oríṣi méjì ni ọta tí ó da ojú ọmọ náà rú. Olórí róbótó, òjé ni inú rẹ̀, bàbà ni wọ́n sì fi bò ó lórí. Kò wọ́n, òun ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ti ń yìnbọn. Bí ó bá ba ara, a máa gún un lọ bí abẹ́rẹ́ ti ń gún aṣọ, a sì máa jáde lẹ́yìn. Olórí ihò ni èkejì, tí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ ní kòtò. Bí ó bá wọ ara, omi ara a kún kòtò náà, a fipá ṣí i, orí ọta a sì là bí olú tí ó tanná. Fífẹ̀ tí ó fẹ̀ yìí ni ìjánu rẹ̀. Kò lè sáré jìnnà mọ́.

Kí ọdún 1900 tó dé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ọta tó ń là báyìí ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta ní Íńdíà. Ní 1899, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọba tí ó pàdé ní The Hague fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní í fi bá ara wọn jagun. Ẹ wá wò ó: ohun tí wọ́n kọ̀ fún sójà ni ọlọ́pàá ń lò ní ìgboro. Ó rí bákan létí, àbí? Ṣùgbọ́n ojú ogun kì í ṣe ọjà. Ní ọjà, aboyún tó wá ra iṣu lè dúró lẹ́yìn olè. Nígbà tí ọlọ́pàá New York gba ìbọn 9 mílímítà ní 1993, olórí róbótó ni wọ́n ń lò. Ọta ń la ọ̀daràn kọjá lọ ba ẹlòmíràn, títí wọ́n fi kéde ní 1998 pé àwọn yóò yí sí olórí ihò.

Síbẹ̀, ọta tí ó tètè dúró jù ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ mẹ́jọ, àwọn tí a ń pè ní FBI, kọlu adigunjalè méjì ní ìlú Miami. Ọta olórí ihò kan ba Michael Platt, ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà, ní apá ọ̀tún. Ó gba apá kọjá sínú àyà, ó sì là bí wọ́n ti ní kí ó là, ṣùgbọ́n ó dúró nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kan ọkàn. Platt kò ṣubú. Ó ń yìnbọn lọ ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí, FBI méjì ti kú, márùn-ún fara gbọgbẹ́, àwọn adigunjalè méjèèjì náà sì kú.

Láti inú ìjà yẹn ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọta ń tẹ̀ lé ti jáde. FBI a máa po jẹ́látìnì, ohun tí wọ́n ń fà yọ lára awọ àti egungun ẹran, wọn a jẹ́ kí ó dì bí ẹ̀kọ, nítorí ó fara jọ ẹran ara. Wọn a yìnbọn lù ú ní ìhòòhò, wọn a fi aṣọ tó nípọn bò ó kí wọ́n tún yìn ín, wọn a fi pákó dí i níwájú, wọn a fi gíláàsì ọkọ̀ dí i. Ọta tí kò bá wọlé tó íǹṣì 12 kò tó. Èyí tí ó bá kọjá íǹṣì 18 ti pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ọmọ náà má ṣe wo àwòrán ẹkùn tàbí orúkọ ẹlẹ́rù tí wọ́n kọ sára páálí. Ọta olórí ihò tí àbájáde ìdánwò rẹ̀ bọ́ sáàárín 12 sí 18 ni kí ó bèèrè. Bí ọ̀pá ìbọn rẹ̀ bá kúrú, kí ó wá èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn kúkúrú, nítorí eré ọta a máa dín kù nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì lè má là. Kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọta gbàǹgbà yangàn sí i. FBI fúnra wọn lọ sí 10 mílímítà, wọ́n lọ sí .40, láàrin 2014 sí 2016 wọ́n padà sí 9 mílímítà, nítorí ọta ti dára sí i, ọwọ́ ènìyàn sì dúró lórí èyí tí kò ta ọwọ́ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ méjì tí ó wà nínú ilé yẹn nìyí. Ilé wọn níbẹ̀ kì í ṣe ilé búlọ́ọ̀kù bí tiwa. Pákó ni wọ́n fi ń to ògiri inú ilé, wọn a wá fi pátákó ẹfun fẹ́lẹ́ bò ó lápá méjèèjì. Bí ọta olórí ihò bá kọ́kọ́ ba ògiri yìí, ẹfun lè dí ihò náà pa. Kò ní í là mọ́, ó ti di olórí róbótó nìyẹn, yóò sì la yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí ọta ìléwọ́ tó lè dá olè dúró tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè dá òun náà dúró. Nítorí náà, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ara balẹ̀, ni kí tọkọtaya rìn yí ilé ká, kí wọ́n mọ ibi tí orí ọmọ wà lórí ibùsùn, kí wọ́n sì pinnu apá ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjú ìbọn sí láéláé.

Ọta tí kò ba ẹnikẹ́ni náà ń lọ síbì kan. Amadou Diallo, ọmọ Guinea, oníṣòwò kékeré tí ń pàtẹ ní ìgboro New York, ni ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn pa lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1999. Wọ́n rò pé ìbọn ni ó fà yọ; àpò owó rẹ̀ ni. Ọta 41 ni wọ́n yìn, 19 bà á. Àwọn tí ìjọba kọ́ níṣẹ́ ìbọn mà nìyẹn. Kí ọmọ náà fi fìtílà ìfọwọ́mú rere sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, kí ó sì mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó kan ìbọn.

Nǹkan díẹ̀ ló kù. Ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ọta gbọdọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sí ọ̀pá ìbọn mu. 9 Luger kì í ṣe 9 Makarov. Kí ó yin àádọ́ta nínú ọta tí ó yàn ní pápá ìdánwò, kí ó rí i pé kò há sínú ìbọn òun, owó yòówù kí ó ná an. Kí ó má máa yọ ọta kan náà wọlé yọ ọ́ jáde lójoojúmọ́, nítorí orí rẹ̀ a máa rì sínú idẹ, ipá rẹ̀ a sì ga ju bó ti yẹ lọ. Kí ó ti ìbọn mọ́nú àpótí onírin: ní Texas, ẹni tí ó bá fi ìbọn tó ní ọta síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un lè dé iwájú adájọ́.

Bí ó bá sì ń bọ̀ wálé fún ọdún, kí ó tú gbogbo àpò rẹ̀ sórí ibùsùn, pàápàá èyí tí ó máa ń gbé lọ sí pápá ìdánwò, kí ó sì fi ọwọ́ wá ìgbátí rẹ̀ dáadáa. Ọta kan tí ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ àpò ti tó fún àwọn aṣọ́bodè láti dá a dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.