Omi tí ẹ fi ń fọ mọ́tò ní Lọ́kọ́jà

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́jà rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Odò Ọya ń bẹ níbẹ̀, odò Bénúè ń bẹ níbẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé gan-an ni ìlú náà wà. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ìyá wa ń tò sílẹ̀ láti ìdájí, ọmọlanke àwọn mẹ́rúwà kò sì ní í sinmi. Kódà, lọ́dún 2012 àti 2022 tí omi ya wọ ilé àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ àwọn tí omi yí ká ló ṣì ń wá èyí tí wọ́n máa mu. Omi pọ̀ ní Lọ́kọ́jà, èyí tó ṣe é lò ni kò pọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá àwọn èèyàn wa tó ń fọ mọ́tò sọ̀rọ̀ lónìí. A ò bá wọn jà o. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Lọ́kọ́jà ló ń gbà kọjá. Ẹni tó sì ń ti ọ̀nà Ọbájànà bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ wo eruku ara mọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí kò ríṣẹ́ ìjọba ló ti tibi mọ́tò fífọ̀ di ẹni tó ń sanwó ilé, tó ń rán ọmọ níléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́bà bá ń tú omi sílẹ̀ lásán lójú obìnrin tó ti dúró ti kẹ́ẹ̀gì fún wákàtí méjì, kò sí bí inú rẹ̀ ṣe máa dùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n kàn so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tí kò ní ohun tí wọ́n lè fi tì í, lè da omi tó lítà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí mọ́tò kan tó parí, lítà 225 sí 300 ti lọ nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́sàn-án sí méjìlá lórí mọ́tò kan ṣoṣo! Ẹni tó bá lo korobá mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 15, kò lò tó kẹ́ẹ̀gì méjì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára tú omi náà kì í lò ju bí lítà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà tí wọ́n bá sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń tú u. Owó ẹ̀rọ náà kò kéré, a mọ̀. Àmọ́ owó ohun tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu rọ́bà láti tì í pa kò tó nǹkan, èyí tó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi mọ̀ pé owó epo ló ń ṣàn sínú gọ́tà yẹn.

Kí ló wá dé tí omi fi ń ṣòfò? Lójú tiwa, bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́ náà ló fà á. Iye mọ́tò tí ọmọ kan bá fọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ọ̀gá ló ń ra omi, ọ̀gá ló ń ra epo. Kí ló kan ọmọ náà bí rọ́bà bá ń ṣàn nílẹ̀ nígbà tó ń fi ọṣẹ pa ilẹ̀kùn mọ́tò? Bó bá ṣe yára tó lowó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí omi òun pẹ́, kó máa kọ iye tánkì tó ń lò lọ́sẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dín kù, kó fún àwọn ọmọ nínú èrè ẹ̀. Àwọn oníbàárà náà ń dá kún un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí omi ò bá tíì kún ilẹ̀, wọn ò gbà pé mọ́tò wọn ti mọ́.

Omi tí wọ́n ti lò náà kì í ṣe ohun à ń dà nù. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, yanrìn á jókòó sínú àkọ́kọ́, òróró á léfòó lórí èkejì, wọ́n á wá fi páìpù gba omi abẹ́ rẹ̀ kọjá sínú ẹ̀kẹta. Èyí dára fún táyà àti abẹ́ mọ́tò. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi fọ ara rẹ̀, nítorí yanrìn kéékèèké á họ ọ̀dà. Omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi ṣan án kẹ́yìn. Ọ̀nà yìí náà ni òróró ò fi ní í gba gọ́tà lọ sínú odò tí àwọn ẹlòmíì ti ń pọnmi.

Ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 2018, ọ̀gbẹlẹ̀ le débi pé lítà 50 péré ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò lóòjọ́. Wọ́n fòfin de fífi omi ẹ̀rọ ìlú fọ mọ́tò. A ò gbàdúrà kó dà bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ohun tó ń kọ wá lóminú jù ni pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa wà. Òótọ́ ni pé Yorùbá bíi tiwa ni àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí a bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ará Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì tó wá ṣòwò, àlejò ni. Ìjà omi máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì, kò sì ní í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ẹ padà sílé yín." Nítorí náà, a ń retí pé kí àwọn àgbà wa mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé wọn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bi àwọn afọmọ́tò wa tó ní bọ́ọ̀hóòlù léèrè, ta ló máa gbà láti ṣí ẹnu ẹ̀rọ fún àwọn ará àdúgbò fún wákàtí kan láàárọ̀, kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó wọlé.