Òjò Àkọ́rọ̀ àti Òjò Àrọ̀kúrò

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló kàn nínú abala yìí, ṣùgbọ́n kí àgbà má ṣí ojú ìwé náà kọjá, nítorí ó kan àwa náà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ níbí, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mú ìwé ìdánwò jọ́gíráfì rẹ̀ wá bá wa. Ìbéèrè náà kò gùn: kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín weather àti climate? Ó kọ ọ́ pé ọ̀kan náà ni, olùkọ́ sì fún un ní òdo. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣebí ojú ọjọ́ la ń pe méjèèjì nílé?" A rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n a rántí pé ìyàtọ̀ yìí kan náà ti gba owó lọ́wọ́ wa rí. Lọ́dún kan, òjò ńlá kan rọ̀ ní oṣù Fẹ́búárì. A yọ̀, a gbin àgbàdo. Òjò kò padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo èéhù náà sì gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Bí ẹnì kan bá bínú láàárọ̀ òní, ìyẹn kò sọ ọ́ di oníbìínú. Kí a tó lè sọ ìwà ènìyàn, a ó ti bá a gbé pẹ́. Ohun tí òfurufú ṣe lónìí ni weather: oòrùn ràn láàárọ̀, òjò rọ̀ lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ fẹ́ lálẹ́. Climate ni ìwà tí a mọ̀ mọ́ ibì kan lẹ́yìn tí a ti ń kọ ìṣe ojú ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún bí 30 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò Fẹ́búárì tó tàn wá jẹ, ìṣe ọjọ́ kan ni. Ìwà agbègbè wa ni pé òjò kì í sábà fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí oṣù Máàṣì tàbí Éépírì tó dé.

Ohun tí a ń wọ̀n kò pọ̀: ooru, òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ìwúwo afẹ́fẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá àti bí ó ṣe yára tó, ìkùukùu, àti iye wákàtí tí oòrùn fi ràn. Àpótí funfun elẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ máa ń rí ní ọgbà àwọn iléèwé kan, inú rẹ̀ ni tẹ̀mómítà ń gbé. A kùn ún ní funfun kí ó má baà gba ooru oòrùn sára, a sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ la ń wá, kì í ṣe ti oòrùn tó ń ta.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jà du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì kó eruku dání. Òun la ń pè ní ọyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti èkejì sẹ́yìn, òjò dé. Bí ọyẹ́ bá borí, ní Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, ètè á bẹ́, ọ̀sà á sì ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa, òjò wa ní etí òkun Èkó máa ń tó mílímítà 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, nígbà tí ti Maiduguri kò ju bí 600 lọ.

Nínú ìjọ a máa ń gbàdúrà fún òjò àkọ́rọ̀ àti òjò àrọ̀kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Òkìtóbà sí Nòfẹ́ńbà, àrọ̀kúrò sì ń rọ̀ ní Máàṣì sí Éépírì. Tiwa yàtọ̀: àkọ́rọ̀ wa ń lọ láti Máàṣì dé Júláì, àrọ̀kúrò wa sì ń rọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkìtóbà. Nínú Lúùkù orí 12, Olúwa wa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìkùukùu tó ń ti ìwọ̀-oòrùn wá, tí wọ́n fi ń mọ̀ pé òjò dé tán. Òkun wọn wà ní ìwọ̀-oòrùn ni. Tiwa wà ní gúúsù. Ọlọ́run kan náà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀.

Láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Ógọ́ọ̀sì. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ òkun ti ti ọyẹ́ jìnnà sí òkè ọya, òjò tó pọ̀ sì tẹ̀lé e lọ. Omi òkun etí ilẹ̀ wa pẹ̀lú máa ń tutù, kò sì jẹ́ kí ìkùukùu ga. Èyí ni ìwà Ógọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣe ọjọ́ kan: ní ọjọ́ 31 oṣù Ógọ́ọ̀sì, ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní 200 lọ. Ìdọ̀tí ti dí ojú odò náà, ilé sì ti kún bèbè rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Júláì, ọdún 2011, òjò tó ju mílímítà 200 lọ rọ̀ sí Èkó. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ méjèèjì. Ìwà ń sọ ohun tí a lè máa retí fún wa, kò bá wa ṣe májẹ̀mú nípa ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó ń gbin nǹkan ní láti mọ ìwà ọdún kí ó má baà fi irúgbìn tọrẹ fún ọ̀dá. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà ní láti wo ìṣe òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò, ìjì máa ń ti ìlà-oòrùn ya wá lójijì. Bí ojú ọ̀run ibẹ̀ bá dúdú kirimù, ẹ dúró ní èbúté. Láti ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, NiMet, ti wà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí a fetí sí wọn. Jósẹ́fù mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ó sì kọ́ àká.

Iṣẹ́ ilé fún ẹ̀yin ọmọ: ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí òrùlé tàbí igi kò ti ní kán omi sí i. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á nù. Ohun tí ẹ bá kọ ní ọjọ́ kan, weather ni. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ títí yóò fi ní ọmọ tirẹ̀ ló ń kọ climate. Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ ti ń wọn omi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kó pàǹtí inú gọ́tà iwájú ilé yín kí òjò tó dé.

Olúwa yóò rọ òjò wa ní àkókò rẹ̀, kò ní jẹ́ kí a bá omi lọ. Àmín.