Kí A Gbọ́ Ohùn Ìyá, Kí A Gbọ́ Ohùn Ọmọ: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ṣèyí Mákindé,

Mo kọ ìwé yìí sí yín nítorí àwọn obìnrin abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà nílẹ̀ Ìbàdàn, pé kí ètò ìtọ́jú wọn ti wà nílẹ̀ kí omi tó lé wọn kúrò nílé.

Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òmíràn tún dé, ó pa èèyàn tó lé ní 100, ó sì wó afárá. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì, ìgbà tí a máa ń rò pé òjò ṣì ń sinmi.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìrẹsì àti ẹní ni a kọ́kọ́ máa ń kó lọ fún àwọn tí omi lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bọ̀ kò ní dúró de omi kó fà. Ìṣirò tí àwọn àjọ elétò ìlera àgbáyé ń lò ni pé nínú 1,000 èèyàn tí àjálù lé kúrò nílé, bí 40 ló máa wà nínú oyún. Bí mẹ́fà nínú wọn ni wàhálà máa bá.

Ẹ wo aláboyún kan lọ́nà Akáńrán, tó ń rọbí lórí ọ̀kadà, tí afárá ti já níwájú rẹ̀. Báwo ló ṣe máa dé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH nígboro Ìbàdàn? Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òun àti àwọn tí omi lé sùn mọ́jú ni yóò padà sí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò bímọ sí, abẹ́ tí ọwọ́ bá ṣáà ti tó ni wọn yóò fi gé ìwọ́ ọmọ.

Ohun tó lè gbà á kò wọ́n: ọ̀rá tí ìyá máa dùbúlẹ̀ lé, ọṣẹ, abẹ́ tuntun, okùn tí a ó fi so ìwọ́, ìbọ̀wọ́, aṣọ tí a ó fi wé ọmọ. UNFPA, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ìlera ìbímọ, kó irú àpò ìbímọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Nepal nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ lọ́dún 2015. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé, Ọlọ́lá:

Àkọ́kọ́, kí àpò yìí àti oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ ti wà ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí oṣù keje tó parí lọ́dọọdún.

Èkejì, kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tó mọ̀ pé òun ni wọ́n máa pè, kí awakọ̀ kan sì wà tó mọ ọ̀nà mìíràn bí afárá bá já.

Ẹ̀kẹta, ibikíbi tí wọ́n bá kó àwọn èèyàn sí, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin wà lọ́tọ̀, kó ní iná, kó sì ṣe é tì látinú. Bí wọ́n bá fipá bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀, oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí wákàtí 72 tó pé, èyí tó ń dènà oyún kí wákàtí 120 tó pé. Bó bá jẹ́ àárín ìgboro ni wọ́n ti máa wá a, ó lè ti pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹrin, kí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí má ṣe já mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Obìnrin tí omi gbé ilé àti oko rẹ̀ lọ ló yẹ kó pinnu ìgbà tí yóò tún lóyún.

Ọlọ́lá, ẹ fi iṣẹ́ yìí lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí ẹ sì kéde orúkọ rẹ̀ fún wa, kí a lè mọ ẹni tí a ó bi léèrè.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ọ̀nà-Àrà kan