Ẹ Má Na Ọmọ Adití Nítorí Pé Ó Ṣubú

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí etí. Ó dé ẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìwó, adití ni, ó tó bí ọmọ ọdún 9. Lọ́sàn-án, á ru omi láti ẹnu kànga dé ilé, kò ní dà á sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Iṣáì, iná ti lọ, wọ́n ní kó lọ bu omi wá. Ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ike omi fọ́. Wọ́n nà án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ṣubú ní ibì kan náà, wọ́n tún nà án. Wọ́n ní aláìgbọràn ni, wọ́n ní ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣe ń kó bá irú ọmọ yìí: kò gbọ́, a ti sọ ọ́ di aláìgbọràn. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀, torí n kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí.

Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè rí, nǹkan méjì ló wà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ká bí ìkarahun ìgbín, òun la fi ń gbọ́ ohùn. Èkejì ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ bí ààbọ̀ òrùka, omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà á mì, iṣan á sì sọ fún ọpọlọ bóyá a ń tẹ̀ ni, à ń yí ni, àbí a dúró ṣánṣán. Ilé kan ni méjèèjì ń gbé. Àìsàn tó bá wá ba ti gbígbọ́ jẹ́ lè ba ti ìdúró jẹ́ pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta ló ń gbé wa dúró: inú etí yìí, ojú wa, àti ẹsẹ̀ tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ wá di ojú yín. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ di ògiri mú o, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ mi ṣubú.) Ẹ rí i bí ara ṣe ń mì? Ọmọ tí inú etí rẹ̀ ti bàjẹ́, ojú ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró jù. Bí iná bá lọ, ohun tó dì mú ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1882, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William James, tẹ ìwádìí jáde nípa adití 519, bóyá òòyì máa ń kọ́ wọn bí wọ́n bá ń yí po bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń ṣe níta. Òòyì kò kọ́ 186 nínú wọn rárá. Díẹ̀ báyìí ló kọ́ 134. Ó kọ́ 199 tó kù bíi tiwa, nítorí náà kì í ṣe gbogbo adití ló ní ìṣòro yìí.

Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí àìsàn yírùnyírùn sọ di adití. Àìsàn yìí ló di Andrew Foster létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, òun náà ló wá láti Amẹ́ríkà dá ilé ìwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Abẹ́rẹ́ gentamicin pẹ̀lú lè ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, nítorí náà, abẹ́rẹ́ tí dókítà kò kọ, ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́mísìtì gún un fún ọmọ yín.

Àwọn kan á ní, ó dáa, kí ọmọ náà jókòó sílé. N kò gbà. Jíjókòó ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta suwe, kó ṣe ten-ten, kó jó. Bí ẹsẹ̀ àti ojú bá ṣe ń kọ́ṣẹ́ tó ni wọ́n ń bá etí dí àlàfo. Odò nìkan ni kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún. Bí irú ọmọ yìí bá rì sábẹ́ omi Odò Ọbà tó ṣókùnkùn, ó lè má mọ ibi tí òkè wà.

Ìyá ọmọ tí mo wí ti ra tọ́ọ̀ṣì kékeré fún un. Nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó ti ike omi méjì.

Bí ọmọ yín bá pé ọdún kan ààbọ̀ tí kò tíì rìn, tí ìkòkò bá sì já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yíjú, ẹ má sọ pé ẹsẹ̀ ló wúwo. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí ní UCH, Ìbàdàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ro epo tàbí omi ewé kankan sí i létí.